Ìgbì yàtọ̀ sí ìṣàn: ohun tí ọ̀pá èéfín ń ṣe sí ipá ìyí ẹ̀rọ ọkọ̀, àti ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ ọ́ ní Yorùbá

Gbólóhùn kan wà tí ẹni tó bá ń bá àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe sọ̀rọ̀ kò ní pẹ́ gbọ́, ì báà jẹ́ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀: “Yọ agolo ìdí rẹ̀ kúrò kí ọkọ̀ lè mí; á lágbára sí i.” Gbólóhùn náà kúrú, ó dùn létí, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Ìdajì kejì ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Mi ò fẹ́ sọ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè di ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tí àṣìṣe náà fara pamọ́ sí, inú ọ̀rọ̀ gan-an ni. “Mí” àti “lágbára” ni ọ̀rọ̀ méjì tó ru gbogbo ẹrù àlàyé yẹn, ẹrù náà sì wúwo jù fún wọn.

Ní ti ẹ̀dá-èdè, a ní ohun tí a lè gbára lé. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, fóníìmù àti mọ́fíìmù sì ti di ará ilé. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní tirẹ̀ kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Ohun tó bá wà nílẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀: Faransé lọ́dọ̀ tiwa, Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, wàhálà ń bẹ níbẹ̀. “Mọ́tò” tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ni. “Moto” ti Faransé, alùpùpù ni. “Moteur” ti Faransé kan náà, ohun tó ń yí nínú ọkọ̀ ni. Nítorí náà, “ọkọ̀” ni mo máa lò fún ọkọ̀ odindi, “ẹ̀rọ” fún ohun tó ń jó epo nínú rẹ̀, “ọ̀pá èéfín” fún ohun tí Faransé ń pè ní “échappement”, àti “agolo” fún àpótí tí ń pa ariwo.

Ipá ìyí àti agbára

Inú sìlíńdà ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Písítọ́ọ̀nù ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló sì máa ń gbé kí iṣẹ́ kan tó parí: ó fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, ó fún wọn pọ̀, iná ràn wọ́n, ó sì ti èéfín jáde. Ọ̀pá tí písítọ́ọ̀nù ń yí máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó pé. Ìlẹ̀kùn kan wà fún ìwọlé, òmíràn wà fún ìjáde. “Soupape” ni Faransé ń pè é, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ni, ó ń ṣí, ó sì ń tì.

Nígbà tí iná bá ti písítọ́ọ̀nù wálẹ̀, títì náà di yíyí. Ẹni tó bá ti fi sípánà tú nọ́ọ̀tì táyà rí mọ ohun tí à ń wí: bí ọwọ́ sípánà bá ṣe gùn tó ni nọ́ọ̀tì ṣe máa gbà tó. Bí a bá gbé ẹrù kílò 10 kọ́ sí ìparí sípánà tó gùn ní mítà 1 tó sì dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ipá tó ń yí nọ́ọ̀tì náà jẹ́ nǹkan bíi niútìnì-mítà 98. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “torque” nìyẹn. Inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí “lọ́” tàbí “yí” ni wọ́n ti fà á yọ. Faransé ní tirẹ̀ ń pè é ní “couple”, èyí tó tún jẹ́ orúkọ fún tọkọtaya. Ipá méjì tó dọ́gba, tí wọ́n kọjú sí ọ̀nà òdìkejì, ni àwọn onímọ̀ Faransé rò nígbà tí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá túmọ̀ “couple” sí Yorùbá ní tààrà yóò bá ara rẹ̀ níbi ìgbéyàwó. Mo fara mọ́ “ipá ìyí”: ọ̀rọ̀-ìṣe “yí” ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè ohun tó túmọ̀ sí.

Agbára yàtọ̀ sí ipá ìyí. Agbára ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ṣe láàárín àkókò kan, a sì ń rí i nígbà tí a bá fi iye ìgbà tí ọ̀pá yí ṣe ìsọdipúpọ̀ ipá ìyí. Bí ẹ̀rọ kan bá ní niútìnì-mítà 100 nígbà tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ẹgbẹ̀rún (3000) ní ìṣẹ́jú kan, agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì 31. Bí ó bá ní 90 péré nígbà tó ń yí ní ìgbà 6000, agbára rẹ̀ ti di nǹkan bíi kílówáàtì 57. Ẹ wò ó: ipá ìyí dínkù, agbára pọ̀. Bí a bá wá ní “ó lágbára sí i”, èwo là ń wí? (Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí “chevaux” tí wọ́n kọ sí ìwé ọkọ̀ ṣì yín lọ́nà. Nínú ètò Faransé, ẹṣin tó wà nínú ìwé yẹn jẹ́ ti owó tí ìjọba fẹ́ gbà. Ẹṣin ti ẹ̀rọ tún yàtọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ wáàtì 735 àti díẹ̀.)

Fún ọkọ̀ tó kó èrò mẹ́sàn-án àti àpò gàrí, tó ń gun òkè nítòsí Ṣábẹ̀, ipá ìyí nígbà tí ẹ̀rọ kò tíì sáré púpọ̀ ló ṣe pàtàkì. Awakọ̀ lè rẹ jíà sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á máa sáré, epo á sì máa lọ. Fún ọkọ̀ ìdíje, agbára nígbà tí ẹ̀rọ ń sáré gan-an ni wọ́n ń wá. Àwọn méjèèjì lè lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan náà, kí wọ́n sọ gbólóhùn kan náà, kí ó sì bá ọ̀kan nínú wọn ba ọkọ̀ jẹ́.

Ohun tó lọ ní títì, tó padà ní fífà

Ìlẹ̀kùn èéfín kì í dúró kí písítọ́ọ̀nù dé ìsàlẹ̀ pátápátá kó tó ṣí. Ìfúnpá inú sìlíńdà ṣì ju ti ìta lọ ní ìlọ́po mélòó kan nígbà náà. Èéfín bú jáde. Àwọn ènìyàn rò pé ohun kan ló jáde, ṣùgbọ́n méjì ni. Èkíní ni èéfín fúnra rẹ̀, tó ń ṣàn nínú ọ̀pá. Èkejì ni ìgbì ìfúnpá tó ń gba inú èéfín náà kọjá.

Ẹni tó bá ti jókòó létí ọ̀sà Àjàṣẹ́ lè rí ìyàtọ̀ yìí láìlo ìwé. Ọkọ̀ ojú omi kọjá, ìgbì sì tẹ̀lé e wá sí etí omi. Ewé tó léfòó lórí omi gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì wà níbi tó wà. Ìgbì ti kọjá. Omi kò bá a lọ. Yorùbá ti ní “ìgbì”, ó ti ní “ìṣàn”, kò sì yẹ kí a tún máa wá ọ̀rọ̀ kiri. Nínú ọ̀pá èéfín, níbi tí ooru ti tó 600°C, ìgbì ń sáré tó nǹkan bíi mítà 580 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú afẹ́fẹ́ ìta ní 27°C, nǹkan bíi 347 ni. Èéfín fúnra rẹ̀ kì í yá tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìgbì bá dé ibi tí ọ̀pá ti fẹ̀ lójijì, bóyá ní oríta tí ọ̀pá mẹ́rin ti pàdé, ní ẹnu agolo tàbí ní ẹnu ọ̀pá níta, apá kan rẹ̀ máa ń padà sẹ́yìn. Ó sì yí ìwà padà: ìfúnpá tó ga ló lọ, ìfúnpá tó relẹ̀ ló padà wá. Ó lọ ní títì, ó padà ní fífà. Bí ó bá dé ẹnu ìlẹ̀kùn nígbà tí ìlẹ̀kùn èéfín kò tíì tì tán tí ìlẹ̀kùn ìwọlé sì ti ń ṣí, yóò fa èéfín tó ṣẹ́kù jáde, yóò sì ran afẹ́fẹ́ tuntun lọ́wọ́ láti wọlé. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ túmọ̀ sí epo tó lè jó púpọ̀, èyí sì túmọ̀ sí ipá ìyí tó pọ̀. Bí ó bá dé ní àsìkò mìíràn, asán ni. Bí ìgbì tó ń tì bá sì ni ó bá àsìkò náà, èéfín yóò padà wọlé.

Gbogbo rẹ̀ wá di ọ̀rọ̀ àsìkò. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀pá tí ibi tó ti fẹ̀ jìnnà sí ìlẹ̀kùn ní mítà 1,5. Lílọ àti bíbọ̀ jẹ́ mítà 3, ìgbì á sì lo nǹkan bíi ìdá 5 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí ẹ̀rọ ń yí ní 3000, yíyí kan ń gba ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá: ìgbì padà dé nígbà tí ọ̀pá ìyí ṣẹ̀ṣẹ̀ yí dé ìdá mẹ́rin. Ní 6000, yíyí kan ń gba ìdá 10: ìgbì padà dé nígbà tí ó ti yí dé ìdajì. Ọ̀pá kò yí padà, ìgbì kò yí padà, ṣùgbọ́n àsìkò ìpàdé ti yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ọ̀pá èéfín tó dára ní gbogbo ìgbà. Èyí tó gùn máa ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ nígbà tó ń yí díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kúrú, nígbà tó ń sáré. Ẹni tó gé ọ̀pá ti yan ẹ̀gbẹ́ kan, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀.

Fífẹ̀ ọ̀pá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Èéfín ní ìwúwo. Bí ó bá ti ń sáré nínú ọ̀pá, kì í dúró lójijì. Ó ń fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, àlàfo náà sì ń fa èyí tó kù nínú sìlíńdà. Bí a bá pààrọ̀ ọ̀pá tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 45 sí èyí tó fẹ̀ ní 60, àyè inú rẹ̀ ti pọ̀ sí i ní ìlọ́po 1,78, eré èéfín sì rẹlẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún. Fífà yẹn dẹ̀. Bí ọ̀pá bá sì há jù, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sáré, písítọ́ọ̀nù ni yóò máa lo ipá láti ti èéfín jáde, ipá tí kò ní dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí a túmọ̀

Àwọn kan ti rí i pé nígbà tí wọ́n fi ọ̀pá ńlá sí ọkọ̀, kò lè gun òkè bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá pinnu pé ohun tí wọ́n yọ kúrò ni ọkọ̀ nílò, wọ́n sì pè é ní “contre-pression”. Gẹ̀ẹ́sì ń sọ “back pressure”. “Ẹ̀rọ nílò contre-pression díẹ̀” ti di òwe láàárín àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe káàkiri ayé. Ohun tí wọ́n rí jẹ́ òótọ́. Ìdí tí wọ́n fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀. Eré èéfín àti àsìkò ìgbì ni wọ́n pàdánù. Ìfúnpá tó ń di èéfín lọ́nà kò ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ rí. Nígbà mìíràn pàápàá, kàbúrétọ̀ ló fà á: afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti yàtọ̀, ihò epo inú kàbúrétọ̀ kò yàtọ̀, epo kò sì tó mọ́.

Bí a bá túmọ̀ “contre-pression” sí “ìfúnpá ìdápadà”, tàbí ohun kan bẹ́ẹ̀ tó dùn létí, a ti gbé àṣìṣe náà wọ Yorùbá pẹ̀lú agbádá ìmọ̀ lọ́rùn. Mo dábàá pé kí a pè é ní “ìdínà”. Ìdínà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ lójú títì, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé “ẹ̀rọ nílò ìdínà díẹ̀” láìrẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan lè sọ pé orúkọ kò yẹ kó máa dájọ́. Lójú tèmi, “contre-pression” náà ti ń dájọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a, ẹ̀gbẹ́ tí kò tọ́ ló sì ń gbè.

Ibì kan wà tí dídápadà wúlò lóòótọ́, inú ẹ̀rọ onígbèésẹ̀ méjì ni, irú èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù tí àwọn zémidjan ń gùn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kò ní ìlẹ̀kùn tó ń tì. Epo tuntun máa ń bá èéfín sá jáde. Walter Kaaden, tó ń ṣiṣẹ́ fún MZ ní Jámánì Ìlà-Oòrùn ní àwọn ọdún 1950, mú ọ̀pá èéfín tó fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó sì tún há díẹ̀díẹ̀ dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò mú un dé rí. Apá tó fẹ̀ ń rán ìgbì tó ń fà padà. Apá tó há ń rán ìgbì tó ń tì padà lẹ́yìn rẹ̀, èyí sì ń ti epo tó ti sá jáde padà sí ilé. Ní 1961, ẹ̀rọ rẹ̀ tí kò ju 125 cc lọ ti ń fún un ní nǹkan bí ẹṣin 25. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ernst Degner, tó ń gun alùpùpù MZ, sá lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn nígbà ìdíje kan ní Sweden, tó sì gbé ìmọ̀ náà lọ fún Suzuki. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Suzuki gba ife àgbáyé ti 50 cc. Agolo lásán ni ẹni tó bá wo ọ̀pá yẹn láti ìta máa pè é.

Ohun tí wọ́n ń yí padà gan-an

Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ onísìlíńdà mẹ́rin, iná ń ràn ní ètò 1, 3, 4, 2. Tí ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pàdé ní oríta kan ṣoṣo, ìyẹn sábà máa ń dára fún eré ńlá. Tí 1 bá kọ́kọ́ pàdé 4, tí 2 pàdé 3, kí méjèèjì tó di ọ̀kan, èéfín àwọn tó pàdé yóò máa tẹ̀lé ara wọn ní yíyí kan gééré, wọn kò ní máa forí gbárí, ipá ìyí tó wà láàárín méjì sì máa ń dára sí i. Ọkọ̀ tó ní túbò kò sí nínú ìṣirò yìí: túbò ti fọ́ ìgbì náà kó tó jìnnà, nítorí náà lẹ́yìn túbò, ọ̀pá tó fẹ̀ dára ju èyí tó há lọ.

Ní ti agolo, èrè tó wà nínú yíyọ rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ tí a kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀ kéré, ó sì máa ń wà níbi tí ẹ̀rọ bá ti ń sáré gan-an. Ariwo ló pọ̀. Etí awakọ̀ ló ń wọn agbára náà fún un, ẹ sì mọ ohun tí àgbà máa ń sọ nípa àgbá òfìfo. Bí wọ́n bá gé e nítòsí ẹ̀rọ tí ojú jíjó náà kò sì dán, afẹ́fẹ́ ìta yóò máa wọ inú ọ̀pá. Lára ọkọ̀ ìgbàlódé, ohun kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́ ọ́síjìn wò. Yóò rò pé epo kò tó, yóò sì ní kí wọ́n fi kún un. Onílé á wá máa ra epo kún epo nítorí ihò tí kò tó orí abẹ́rẹ́.

Ó ku katalisọ́ọ̀. Eugène Houdry, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Faransé tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é fún ọkọ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ó di ohun tó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti 1975, ti Yúróòpù láti nǹkan bí 1993. Òjé inú epo máa ń pa á, òjé sì kúrò nínú epo ní ilẹ̀ Áfíríkà ní gúúsù Sàhárà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006. Inú rẹ̀ dà bí afárá oyin, wọ́n sì fi pilatínọ́ọ̀mù, pàlédíọ́ọ̀mù àti ródíọ́ọ̀mù kùn ún, èyí tó mú kí àwọn kan máa yọ ọ́ tà. Nígbà tí ó bá péye, ìdínà rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n bí iná kò bá ń ràn dáadáa nínú ẹ̀rọ, epo tí kò jó yóò lọ jó nínú afárá náà, yóò yọ́, yóò sì dí. Ọkọ̀ náà kò ní lè fà mọ́. Wọ́n yọ katalisọ́ọ̀, ọkọ̀ sáré bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kéde pé katalisọ́ọ̀ ni ọ̀tá. Kò sẹ́ni tó wo ohun tó yọ́ ọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo ti ń lò láti òkè, “èéfín”, ti dé òpin iṣẹ́ rẹ̀. Èéfín ni ohun tí ojú ń rí, tí imú ń gbọ́. Kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́síìdì, tó ń pa ènìyàn, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Iṣẹ́ katalisọ́ọ̀ ni láti sọ òun àti epo tí kò jó di kábọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì àti omi, kí ó sì tú àwọn gáàsì onínaitirójìn búburú ká. Nígbà tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ọkọ̀ náà lè má rú èéfín rárá, ẹni tó yọ ọ́ yóò sì sọ tọkàntọkàn pé, “Ẹ wò ó, kò yọ èéfín.” Òótọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ iṣẹ́ tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́rí nítorí òjò, tó sì ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń yí, kò rí ìdí kankan láti bẹ̀rù. Fún ohun tó ń jáde yìí, tí a rí i tàbí tí a kò rí i, mo ń lo “atẹ́gùn-ìjáde” nínú àkọsílẹ̀ mi, mo sì fi “èéfín” sílẹ̀ fún ìgbà tí ó bá dúdú, tí ó bá funfun tàbí tí ó bá ní àwọ̀ búlúù, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọ̀ wọ̀nyẹn ń sọ nǹkan fún ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe: dúdú fún epo tó pọ̀ jù, búlúù fún ọ́ìlì tó ń jó, funfun tí kò dáwọ́ dúró fún omi tó ti wọ inú ẹ̀rọ.